Alárù Tí Kì Í Jẹ Nínú Ẹrù: Ìdí Tí Sẹ́ẹ̀lì Pupa Inú Ẹ̀jẹ̀ Kò Fi Ní Mitokọ́ńdíríà

Nínú gbogbo sẹ́ẹ̀lì tí ó para pọ̀ di ara ènìyàn, sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀ ni ó pọ̀ jù lọ ní iye, òun náà sì ni ohun ìní rẹ̀ kéré jù lọ. Sẹ́ẹ̀lì ni àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń pe ẹyọ ohun alààyè tín-ńtín tí a fi mọ ara, gẹ́gẹ́ bí a ti ń fi búlọ́ọ̀kù mọ ilé. Ojú lásán kò lè rí i, àfi kí a lo maikirosíkóòpù, ìyẹn awò tí ń sọ ohun kékeré di ńlá. Nǹkan bí tírílíọ̀nù 25 sẹ́ẹ̀lì pupa ni ó ń káàkiri inú ẹ̀jẹ̀ àgbàlagbà kan, iṣẹ́ tí a sì mọ̀ mọ́ wọn jù lọ ni kí wọ́n máa ru ọ́síjìn, tí í ṣe apá afẹ́fẹ́ tí ẹ̀mí gbára lé, láti inú ẹ̀dọ̀fóró lọ sí gbogbo ẹ̀yà ara. Síbẹ̀, ẹni tí ó bá wo inú ọ̀kan nínú wọn kò ní rí núkílíọ́sì, níbi tí àwọn sẹ́ẹ̀lì yòókù ń tọ́jú àkọsílẹ̀ àbùdá wọn sí, kò sì ní rí mitokọ́ńdíríà kankan, tí í ṣe ilé agbára tí ń pèsè okun fún sẹ́ẹ̀lì.

Àìsí mitokọ́ńdíríà yìí ni ó jinlẹ̀ jù nínú ọ̀rọ̀ náà, nítorí pé mitokọ́ńdíríà gan-an ni ó ń lo ọ́síjìn. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ẹni tí ó bá ń ṣiṣẹ́ nídìí pẹpẹ, ìdí pẹpẹ ni yóò ti máa jẹ. Ṣùgbọ́n sẹ́ẹ̀lì pupa dúró nídìí pẹpẹ ọ́síjìn fún nǹkan bí 120 ọjọ́, tí í ṣe gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀, kò sì fi ìka kan tọ́ ọ wò. Bí a bá tọ ipasẹ̀ àìní yìí dé orísun rẹ̀, a ó rí i pé òun ni ó pinnu ìrísí sẹ́ẹ̀lì náà, oúnjẹ rẹ̀, ọjọ́ orí rẹ̀, díẹ̀ nínú àwọn àrùn tí ń bá a jà, àti ọ̀nà tí ilé ìwòsàn ń gbà tọ́jú ẹ̀jẹ̀ tí a fi ta ènìyàn lọ́rẹ.

Ilé agbára tí ń jẹ ọ́síjìn

Oúnjẹ tí ènìyàn jẹ, ì báà ṣe iyán, ì báà ṣe ẹ̀bà tàbí ìrẹsì, ni ara máa ń sọ di ṣúgà kan tí a ń pè ní gúlúkóòsì, tí ẹ̀jẹ̀ sì ń gbé kiri fún àwọn sẹ́ẹ̀lì. Sẹ́ẹ̀lì ní láti fọ́ gúlúkóòsì yìí sí wẹ́wẹ́ kí ó tó lè fa agbára inú rẹ̀ yọ, agbára tí ó bá sì fà yọ ni ó ń pamọ́ sínú ohun kan tí a ń pè ní ATP, èyí tí ó rí fún sẹ́ẹ̀lì bí owó ìnáwó ti rí fún ènìyàn. Ìpele méjì ni iṣẹ́ fífọ́ náà pín sí. Ìpele kìíní ń wáyé nínú omi inú sẹ́ẹ̀lì, kò nílò ọ́síjìn rárá, èrè rẹ̀ kò sì ju ATP 2 lọ lórí gúlúkóòsì kan. Ìpele kejì ń wáyé nínú mitokọ́ńdíríà, níbi tí a ti ń fi ọ́síjìn jó ohun tí ó ṣẹ́ kù lára ṣúgà náà títí yóò fi di omi àti kábọ́ọ̀nù dàọ́ksáídì, ìyẹn afẹ́fẹ́ tí a ń mí jáde. Bí a bá ro èrè ìpele méjèèjì pọ̀, ó máa ń tó nǹkan bí ATP 30. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo ọ́síjìn tí ènìyàn ń mí sínú, inú mitokọ́ńdíríà ni ó ń parí ìrìn àjò rẹ̀ sí, bí sẹ́ẹ̀lì bá sì ṣe nílò agbára tó ni mitokọ́ńdíríà inú rẹ̀ ṣe ń pọ̀ tó, èyí tí ó fà á tí sẹ́ẹ̀lì ọkàn àti ti ẹ̀dọ̀ fi ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún tàbí ẹgbẹẹgbẹ̀rún rẹ̀.

Ìtàn mitokọ́ńdíríà fúnra rẹ̀ jẹ́ ìtàn àlejò tí ó di onílé. Ní ọdún 1967, onímọ̀ ọmọ Amẹ́ríkà kan, Lynn Margulis, kọ̀wé láti ṣàlàyé pé bakitéríà tí ń dá gbé ni mitokọ́ńdíríà ní ìpilẹ̀ṣẹ̀, pé sẹ́ẹ̀lì mìíràn ni ó gbé e mì láyé àtijọ́, tí kò sì dà á, tí àwọn méjèèjì wá bẹ̀rẹ̀ sí í gbé pọ̀. Ohun tí ó ti àlàyé náà lẹ́yìn ni pé mitokọ́ńdíríà ṣì ní DNA tirẹ̀, tí í ṣe àkọsílẹ̀ àbùdá, èyí tí ó jọ ti bakitéríà. Ṣùgbọ́n bí àlejò náà ti pẹ́ nínú ilé tó, púpọ̀ nínú àkọsílẹ̀ rẹ̀ ti kó lọ sínú núkílíọ́sì onílé, débi pé nínú purotéènì tí ó lé ní ẹgbẹ̀rún tí mitokọ́ńdíríà ènìyàn ń lò, mẹ́tàlá péré ni ó lè fi DNA tirẹ̀ ṣe. Ẹni tí ó bá ń ka ọ̀rọ̀ yìí lọ yẹ kí ó fi kókó kan yìí sọ́kàn, nítorí pé yóò wúlò níwájú.

Ìgbà èwe sẹ́ẹ̀lì pupa

A kì í bí sẹ́ẹ̀lì pupa láìní mitokọ́ńdíríà. Inú mùdùnmúdùn egungun ni ara ti ń ṣe é, nǹkan bí mílíọ̀nù 2 ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan, kíndìnrín ni ó sì ń fi ohun kan tí a ń pè ní erythropoietin ránṣẹ́ sí mùdùnmúdùn pé kí ó fi kún iye tí ó ń ṣe, nígbà tí ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀ kò bá tó. Nígbà èwe rẹ̀, sẹ́ẹ̀lì yìí ní núkílíọ́sì, ó sì ní mitokọ́ńdíríà púpọ̀, nítorí pé iṣẹ́ ńlá kan wà níwájú rẹ̀, èyí tí í ṣe kí ó kó hìmóglóbíìnì jọ sínú ara rẹ̀. Hìmóglóbíìnì ni èròjà pupa tí ń di ọ́síjìn mú. Apá kan rẹ̀ jẹ́ purotéènì, apá kejì sì ni híìmù, tí irin wà ní àárín gbùngbùn rẹ̀. Inú mitokọ́ńdíríà ni iṣẹ́ ṣíṣe híìmù ti ń bẹ̀rẹ̀, inú rẹ̀ náà ni ó sì ti ń parí, níbi tí a ti ń fi irin sí àyè rẹ̀. A jẹ́ pé láìsí mitokọ́ńdíríà, sẹ́ẹ̀lì pupa kò lè pupa rárá, ohun tí ó sọ ọ́ di pupa yìí náà ni yóò sì kọ̀ sílẹ̀ nígbà tí iṣẹ́ bá parí, gẹ́gẹ́ bí àwọn pákó àti igi tí bíríkìlà fi gbé déékìnì ró, tí wọn yóò tú kúrò bí kọnkéré bá ti gan.

Núkílíọ́sì ni ó kọ́kọ́ ń lọ. Sẹ́ẹ̀lì náà á sún un sí ẹ̀gbẹ́ kan, á sì tì í jáde, àwọn sẹ́ẹ̀lì ńlá kan tí iṣẹ́ wọn jọ ti agbálẹ̀ á wá gbé e mì. Sẹ́ẹ̀lì tí ó ṣẹ́ kù, tí àwọn dókítà ń pè ní reticulocyte, yóò jáde bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀, níbi tí yóò ti lo ọjọ́ kan sí méjì kí ó tó dàgbà tán, àárín àkókò yìí ni ó sì ń mú mitokọ́ńdíríà tí ó kù kúrò. Purotéènì kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ NIX máa ń dúró sára mitokọ́ńdíríà bí àmì tí òṣìṣẹ́ ìjọba fi ọ̀dà pupa kọ sára ilé tí wọ́n fẹ́ wó. Bí sẹ́ẹ̀lì bá ti rí àmì yìí, yóò fi awọ fẹ́lẹ́ we mitokọ́ńdíríà náà ká, yóò sì dà á bí ìgbà tí ikùn bá da oúnjẹ. Irú ọ̀nà tí sẹ́ẹ̀lì ń gbà jẹ ẹ̀yà ara òun fúnra rẹ̀ báyìí ni Yoshinori Ohsumi ti ilẹ̀ Japan tú àṣírí rẹ̀ nínú íísìtì, tí ó sì gba ẹ̀bùn Nobel fún ní ọdún 2016. Ní ọdún 2007 àti 2008, àwọn olùṣèwádìí fi hàn pé bí a bá mú NIX kúrò lára eku, mitokọ́ńdíríà á kù sínú sẹ́ẹ̀lì pupa wọn, àìtó ẹ̀jẹ̀ á sì máa dà wọ́n láàmú. Èyí jẹ́ kí ó dájú pé sẹ́ẹ̀lì pupa kò ṣèèṣì sọ mitokọ́ńdíríà nù. Ara ṣètò rẹ̀ ni, bí ètò náà bá sì kùnà, àìsàn ni í yọrí sí.

Èrè tí ó wà nínú àìní

Ìdí àkọ́kọ́ tí àwọn onímọ̀ máa ń mẹ́nu bà ni ti ẹrù. Bí mitokọ́ńdíríà bá wà nínú sẹ́ẹ̀lì pupa, yóò máa lo lára ọ́síjìn tí ó yẹ kí ó dé ọ̀dọ̀ ọpọlọ, ọkàn àti iṣan. Bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé díẹ̀ ni ọ̀kọ̀ọ̀kan ń mú, díẹ̀ tí a bá fi tírílíọ̀nù 25 sọ di púpọ̀ kì í ṣe díẹ̀ mọ́. Ìdí kejì ni ti àyè. Nǹkan bí mílíọ̀nù 270 hìmóglóbíìnì ni ó wà nínú sẹ́ẹ̀lì pupa kan, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì lè ru ẹyọ ọ́síjìn mẹ́rin. Gbogbo ibi tí núkílíọ́sì àti mitokọ́ńdíríà ìbá gbà ni hìmóglóbíìnì ti gbà.

Ìdí kẹta ni ti ìrọ̀rùn ara. Bí a bá pín mílímítà kan sọ́nà ẹgbẹ̀rún, fífẹ̀ sẹ́ẹ̀lì pupa kan kò ju 7 tàbí 8 lọ nínú rẹ̀, síbẹ̀ àwọn òpó ẹ̀jẹ̀ tí ó tín-ín-rín jù lọ nínú ara kéré sí i, àwọn mìíràn kò ju 5 lọ. Sẹ́ẹ̀lì náà rí pẹlẹbẹ, ó tẹ̀ wọnú láàárín bí àkàrà tí a fi àtàǹpàkò tẹ̀ lójú méjèèjì, nítorí pé kò sì sí ohun líle kankan nínú rẹ̀, ó lè ká ara rẹ̀ kò bí ẹní kí ó tó yọ́ gba irú ọ̀nà tóóró bẹ́ẹ̀ kọjá.

Ìdí kẹrin ni ti ewu. Ẹni tí ó bá ti rí ọ̀bẹ tí a gbàgbé síbi tí ó tutù mọ ohun tí ọ́síjìn lè fi irin ṣe, inú sẹ́ẹ̀lì pupa sì kún fún irin àti ọ́síjìn. Bí mitokọ́ńdíríà bá ti ń ṣiṣẹ́, ó máa ń ta ẹ̀ta-iná, ìyẹn ọ́síjìn tí ó ti yí padà di oníjàgídíjàgan, tí ó lè ba awọ ara sẹ́ẹ̀lì àti purotéènì inú rẹ̀ jẹ́. Ẹni tí ó ń wa táńkà epo bẹntiróòlù kì í gbé sítóòfù kalẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kí ó máa dáná.

Síbẹ̀, kò yẹ kí a ka àwọn ìdí wọ̀nyí sí òfin tí kò ṣeé yẹ̀, nítorí pé adìẹ tí ń jẹ̀ kiri ìgboro lè tako wọn. Sẹ́ẹ̀lì pupa adìẹ àti ti gbogbo ẹyẹ yòókù ní núkílíọ́sì, ó sì ní mitokọ́ńdíríà tí ń ṣiṣẹ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti alángbá, ti ọ̀pọ̀lọ́ àti ti ẹja. Ẹyẹ tí ń fò lójú ọ̀run nílò ọ́síjìn ju ènìyàn tí ó jókòó lọ, mitokọ́ńdíríà inú sẹ́ẹ̀lì pupa rẹ̀ kò sì dí i lọ́wọ́ àtifò. Àwọn ẹranko tí ń fún ọmọ lọ́mú, bí ewúrẹ́, màlúù, eku àti ènìyàn, ni wọ́n gba ọ̀nà mìíràn, kókó tí a ní kí a fi sọ́kàn níṣàájú ni ó sì jẹ́ kí ọ̀nà náà yéni. Nígbà tí ó jẹ́ pé inú núkílíọ́sì ni àkọsílẹ̀ ọ̀pọ̀ purotéènì mitokọ́ńdíríà wà, sẹ́ẹ̀lì tí ó bá ti ti núkílíọ́sì rẹ̀ jáde kò lè tún mitokọ́ńdíríà ṣe mọ́ bí ó bá ń gbó. Baálé ilé kú, ilé di ahoro. Sẹ́ẹ̀lì ẹyẹ pa baálé mọ́, ó sì lè máa tún ilé ṣe. Sẹ́ẹ̀lì pupa ti ènìyàn ti yọ baálé kúrò kí àyè lè gba ẹrù, kò sì bọ́gbọ́n mu kí ó fi ilé agbára tí kò ní alátùn-únṣe sílẹ̀ kí ó máa ta ẹ̀ta-iná fún oṣù mẹ́rin gbáko.

Oúnjẹ kan ṣoṣo

Àbájáde èyí ni pé ìpele kìíní nínú fífọ́ gúlúkóòsì ni sẹ́ẹ̀lì pupa fi ń gbé gbogbo ayé rẹ̀. Kò lè jó ọ̀rá, nítorí pé inú mitokọ́ńdíríà ni a ti ń jó o. Gúlúkóòsì nìkan ni oúnjẹ rẹ̀, ó sì ń gbà á wọlé láìdúró de ínsúlíìnì. ATP kékeré tí ó ń rí ni ó fi ń pa ìrísí rẹ̀ mọ́, tí ó sì fi ń ti iyọ̀ tí ó bá yọ́ wọlé padà síta. Ohun tí ó ṣẹ́ kù lẹ́yìn oúnjẹ rẹ̀, tí a ń pè ní lákítéètì, kò ṣòfò, nítorí pé ẹ̀jẹ̀ ń gbé e lọ sí ẹ̀dọ̀, ẹ̀dọ̀ sì ń fi agbára tirẹ̀ sọ ọ́ di gúlúkóòsì padà. Tọkọtaya onímọ̀ kan, Carl àti Gerty Cori, ni wọ́n ṣàlàyé àyípoyípo yìí, wọ́n sì wà lára àwọn tí ó gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 1947. Ojú ọ̀nà kan náà ni sẹ́ẹ̀lì pupa tún ti ń ṣe èròjà kan, 2,3-BPG, tí ń mú kí hìmóglóbíìnì tètè tú ọ́síjìn sílẹ̀ fún ẹ̀yà ara tí ó nílò rẹ̀, èyí sì máa ń pọ̀ sí i nínú ẹ̀jẹ̀ ẹni tí ó bá gun òkè gíga níbi tí ọ́síjìn kò ti tó.

Ọ̀rọ̀ oúnjẹ kan ṣoṣo yìí kò mọ sínú ìwé nìkan. Bí wọ́n bá gba ẹ̀jẹ̀ lára ẹni tí wọ́n fẹ́ mọ iye ṣúgà inú rẹ̀, bóyá nítorí àtọ̀gbẹ, àwọn sẹ́ẹ̀lì pupa kò ní dẹ́kun jíjẹ ṣúgà náà nínú ìgò, débi pé bí ẹ̀jẹ̀ náà bá pẹ́ kí ó tó dé yàrá àyẹ̀wò, iye tí wọn yóò rí yóò kéré sí òtítọ́. Ìdí nìyí tí àwọn ilé ìwòsàn fi máa ń lo ìgò kékeré tí fluoride wà nínú rẹ̀, èyí tí ń dá iṣẹ́ fífọ́ ṣúgà dúró. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti báǹkì ẹ̀jẹ̀: ní ọdún 1916, Peyton Rous àti J. R. Turner fi hàn pé bí a bá fi ṣúgà kún ohun tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, sẹ́ẹ̀lì pupa lè pẹ́ ní ìpamọ́, ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e sì ni dókítà kan, Oswald Robertson, fi ìmọ̀ yìí pa ẹ̀jẹ̀ mọ́ fún àwọn ọmọ ogun tí ó fara gbọgbẹ́ nílẹ̀ Faransé nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní. Títí di òní, ṣúgà wà nínú oje tí ó wà nínú àpò ẹ̀jẹ̀, òun ni oúnjẹ tí a dì fún àwọn alárù náà, ọ̀kan nínú irú oje bẹ́ẹ̀ sì ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ lè pẹ́ tó 35 ọjọ́ nínú fíríìjì.

Ohun tí àìní náà ń náni

Ẹni tí ó bá ń fi ẹsẹ̀ kan ṣoṣo rìn kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ẹsẹ̀ náà yẹ̀. Àwọn sẹ́ẹ̀lì mìíràn ní ọ̀nà púpọ̀ tí wọ́n fi ń ṣe èròjà tí ń pa ẹ̀ta-iná ọ́síjìn, díẹ̀ nínú àwọn ọ̀nà náà sì wà nínú mitokọ́ńdíríà. Ṣùgbọ́n ọ̀nà kan péré ni sẹ́ẹ̀lì pupa ní, ẹ́ńsáìmù kan tí a ń pè ní G6PD ni ó sì dúró sẹ́nu ọ̀nà náà. Ẹ́ńsáìmù ni purotéènì tí ń mú iṣẹ́ yá nínú ara. Nítorí pé núkílíọ́sì kò sí, sẹ́ẹ̀lì pupa kò lè ṣe G6PD tuntun. Ìwọ̀nba tí ó kó jọ nígbà èwe ni yóò lò títí di ọjọ́ ikú. Àwọn kan wà tí a bí pẹ̀lú G6PD tí kò lágbára, ọkùnrin ni ó sì pọ̀ jù nínú wọn, nítorí ọ̀nà tí a gbà ń jogún rẹ̀. Láàárín àwọn Yorùbá, ó tó nǹkan bí ọkùnrin kan nínú márùn-ún. Ọ̀pọ̀ wọn kì í mọ̀, títí wọn yóò fi lo oògùn ibà kan bíi primaquine, tàbí títí a ó fi wọ aṣọ tí a tọ́jú pẹ̀lú káńfọ̀, ìyẹn hóró funfun olóòórùn líle tí wọ́n ń fi sáàárín aṣọ, fún ọmọ tuntun; sẹ́ẹ̀lì pupa á bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ́, ojú ọmọ á pọ́n, bí a kò bá sì tètè gbé e dé ilé ìwòsàn, àìsàn náà lè ba ọpọlọ rẹ̀ jẹ́. Ìdí nìyí tí àwọn dókítà ọmọdé fi ń kìlọ̀ pé kí káńfọ̀ má ṣe súnmọ́ aṣọ ọmọ jòjòló.

Àbùkù yìí ì bá ti parẹ́ tipẹ́ bí kò bá ní èrè tirẹ̀, ìyẹn ààbò lọ́wọ́ ibà. Ìlú Ìbàdàn ni a ti rí ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀rí tí ó lágbára jù lọ lórí èyí, nígbà tí Lucio Luzzatto àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ iṣẹ́ wọn jáde ní ọdún 1969. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọbìnrin kan tí ibà ń ṣe wò, àwọn tí ó ní sẹ́ẹ̀lì pupa oríṣi méjì nínú ara kan náà, èyí tí G6PD rẹ̀ péye àti èyí tí tirẹ̀ kò péye, wọ́n sì rí i pé kòkòrò ibà pọ̀ nínú oríṣi àkọ́kọ́ ju oríṣi kejì lọ. Kòkòrò ibà fúnra rẹ̀ tún fi ìyàtọ̀ mìíràn hàn, nítorí pé ó gbé mitokọ́ńdíríà tirẹ̀ wọnú sẹ́ẹ̀lì tí kò ní ọ̀kan; mitokọ́ńdíríà àlejò yìí ni oògùn kan tí ń jẹ́ atovaquone ń dojú kọ, tí ó sì ń fi pa kòkòrò náà.

Nígbà tí nǹkan bí 120 ọjọ́ bá pé, ara sẹ́ẹ̀lì pupa á ti le, kò sì ní lè ká ara rẹ̀ kò mọ́ bí ti àtẹ̀yìnwá. Àwọn sẹ́ẹ̀lì agbálẹ̀ tí ó wà nínú ẹ̀dọ̀ àti nínú spleen, tí ó wà ní apá òsì ikùn, á gbé e mì, wọ́n á sì tú u palẹ̀. Wọn kì í da irin inú rẹ̀ nù. Ẹ̀jẹ̀ á gbé e padà lọ sí mùdùnmúdùn egungun, á bọ́ sínú sẹ́ẹ̀lì ọ̀dọ́ kan tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, inú mitokọ́ńdíríà sẹ́ẹ̀lì náà gan-an ni a ó sì ti tún un fi sí àárín híìmù tuntun. Bí iṣẹ́ yẹn bá ti parí, sẹ́ẹ̀lì ọ̀dọ́ náà á jẹ mitokọ́ńdíríà rẹ̀ tán, á gbé ẹrù rẹ̀, á sì mú ọ̀nà pọ̀n.